Bí Aboyún Ṣe Lè Wọ Bàálù Láìséwu: Ọjọ́, Ìwé àti Ẹsẹ̀

Kí aboyún tó sanwó tíkẹ́ẹ̀tì, kó kọ́kọ́ ka iye ọ̀sẹ̀ tí oyún rẹ̀ máa jẹ́ lọ́jọ́ tó máa padà. Ọjọ́ àlọ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń wò, ọjọ́ àbọ̀ ló sì ń mú wọn. Ẹni tí oyún rẹ̀ jẹ́ ọ̀sẹ̀ 29 nígbà tó gbéra ní Ìkejà, tó lọ lo ọ̀sẹ̀ 8 lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní London, oyún ọ̀sẹ̀ 37 ló máa gbé dé kọ́ńtà nígbà àbọ̀. Wọn ò ní gbé e. Ibẹ̀ ló máa bímọ sí, pẹ̀lú owó ilé ìwòsàn tí kò múra sílẹ̀ fún.

Fún aboyún tí ara rẹ̀ le, tí oyún rẹ̀ kò sì ní wàhálà, kò sí ẹ̀rí pé bàálù ń jẹ́ kí oyún bàjẹ́ tàbí kí ìrọbí dé ṣáájú àkókò. Nǹkan mẹ́ta ló sábà ń dá ìrìn àjò rú: ọjọ́ tí wọn ò kà dáadáa, ìwé tí kò pé, àti ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú ẹsẹ̀ nítorí ìjókòó gígùn. Méjì àkọ́kọ́, ilé la ti ń parí wọn.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ ka ọ̀sẹ̀, ẹ má ka oṣù

Ẹ mú káàdì kílíníìkì yín, ẹ wo ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tí wọ́n kọ síbẹ̀, èyí táwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní EDD. Èyí tí sikáànì ìbẹ̀rẹ̀ oyún mú jáde, kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 14, ló ṣeé gbára lé jù. Sikáànì tí wọ́n ṣe ní oṣù kẹjọ lè fi bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣìnà. Bí sikáànì ìbẹ̀rẹ̀ kò bá sí, ẹ ka 280 ọjọ́ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ nǹkan oṣù tí ẹ ṣe kẹ́yìn. Ẹ má fi oṣù sọ̀rọ̀ ní kọ́ńtà o. "Oyún oṣù méje" lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ 28, ó sì lè jẹ́ 31, bẹ́ẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni òfin àwọn ilé iṣẹ́ bàálù ń kà.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka ọjọ́ sẹ́yìn. Ká ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá ni ọjọ́ ìkúnlẹ̀. Ọjọ́ 84 ṣáájú rẹ̀, ìyẹn ọjọ́ 18 oṣù keje, ni oyún pé ọ̀sẹ̀ 28. Ọjọ́ 56 ṣáájú rẹ̀, ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ, ó pé ọ̀sẹ̀ 32. Ọjọ́ 28 ṣáájú rẹ̀, ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án, ó pé ọ̀sẹ̀ 36.

Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ bàálù kì í béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ aboyún títí dé ọ̀sẹ̀ 28. Láti ibẹ̀ lọ, wọ́n á béèrè ìwé dókítà. Oyún ọmọ kan, wọ́n ń gbé e títí dé ọ̀sẹ̀ 36. Oyún ìbejì, títí dé ọ̀sẹ̀ 32. Àmọ́ òfin wọn kò dọ́gba, nítorí náà ẹ ka ti ilé iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ wọ̀ gan-an. Bí ẹ bá máa sọ̀ kalẹ̀ níbì kan láti wọ bàálù ilé iṣẹ́ mìíràn, òfin èyí tó le jù nínú àwọn méjèèjì ni kí ẹ fi ṣe òdiwọ̀n. Ìmọ̀ràn tiwa ni pé kí ọjọ́ àbọ̀ fi ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán ṣáájú òpin tí wọ́n fi lélẹ̀. Wọ́n lè fagi lé bàálù, físà ẹni tí ẹ jọ ń lọ lè pẹ́, ọ̀sẹ̀ méjì náà ló máa gbà yín.

Ìgbà tó tuni lára jù láti rìnrìn àjò ni láàárín ọ̀sẹ̀ 14 sí 28. Èébì àárọ̀ ti lọ sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ikùn kò sì tíì ga débi tí ìjókòó á fi di ìyà.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ mọ̀ bóyá ẹ wà lára àwọn tí kò yẹ kó gòkè

Afẹ́fẹ́ inú bàálù tó ń fò dà bí afẹ́fẹ́ orí òkè tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6,000 sí 8,000. Ọ́síjìn ibẹ̀ kéré sí ti ilẹ̀. Ọmọ inú kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lára, torí pé ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ máa ń di ọ́síjìn mú ju ti àgbàlagbà lọ. Ìyá tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ọ́síjìn kò pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó gbé ìwọ̀nba tó wà kò sì tó. Bí ẹ̀jẹ̀ bá kéré sí 7.5 g/dl, ìyẹn PCV (ìdá sẹ́ẹ̀lì pupa nínú ẹ̀jẹ̀) bíi 22 tàbí 23, kí ẹ má wọ bàálù títí wọ́n á fi tọ́jú yín. Ẹ ní kí wọ́n yẹ PCV yín wò ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ìrìn àjò. Bí a bá ṣe é ní ọ̀la ku ọ̀túnla, oògùn ẹ̀jẹ̀ kò ní ráyè ṣiṣẹ́.

Ẹni tó ní àrùn fọ̀níkú-fọ̀ladìde, ìyẹn SS tàbí SC, kò gbọ́dọ̀ ṣe é bíi pé ìrìn àjò lásán ni. Àìtó ọ́síjìn àti àìmu omi tó lè jí ìrora dìde lókè, níbi tí kò ti sí ẹni tó máa fa omi sí i lára. Bí ìrora ti dé láìpẹ́ yìí, kó jókòó sílé. Bí ara bá sì balẹ̀, kí dókítà ẹ̀jẹ̀ àti dókítà aboyún jọ fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì bá ilé iṣẹ́ bàálù sọ̀rọ̀ bóyá yóò nílò ọ́síjìn. AS kì í ní wàhálà yìí.

Àwọn mìíràn tó yẹ kó dúró nìyí: ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, ẹni tí omi oyún rẹ̀ ti ya, ẹni tí olóbi rẹ̀ (ibi ọmọ) bo ẹnu ilé ọmọ, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru nítorí oyún, ẹni tí wọ́n ń bẹ̀rù pé yóò tètè rọbí, àti ẹni tó ní àìsàn ọkàn tàbí ẹ̀dọ̀fóró tó le. Ẹni tí oyún rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí inú ń run ún ní ẹ̀gbẹ́ kan tàbí tó ń rí ẹ̀jẹ̀, kó ṣe sikáànì kó tó lọ ibikíbi. Bó bá jẹ́ ìta ilé ọmọ ni oyún náà wà, ó lè bẹ́, kó sì la ikú lọ. Bí ọ̀rọ̀ yín bá wà láàárín méjì, ilé iṣẹ́ bàálù ní fọ́ọ̀mù kan tí wọ́n ń pè ní MEDIF. Dókítà yín ló máa kọ ọ́, àwọn dókítà tiwọn ló sì máa pinnu.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ gba ìwé tó pé

"Mo gbà kó rìnrìn àjò" nìkan kò tó. Orí ìwé ilé ìwòsàn ni kí wọ́n kọ ọ́ sí, kó ní ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́, orúkọ dókítà, ìbuwọ́lùwé, òǹtẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù. Kó sọ ọjọ́ ìkúnlẹ̀. Kó sọ bóyá ọmọ kan ni tàbí ìbejì. Kó sọ iye ọ̀sẹ̀ tí oyún máa jẹ́ lọ́jọ́ àlọ àti lọ́jọ́ àbọ̀. Kó sọ pé oyún náà kò ní wàhálà, ara ìyá sì le tó láti wọ bàálù. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n kọ ọ́ bí ẹ bá ń ti Nàìjíríà lọ. Ẹni tó ń ti Cotonou tàbí Lomé lọ sí ibi tí wọn kì í ti sọ Faransé, kó gba èyí tí wọ́n túmọ̀.

Ibi tó ti ń dà rú jù lọ́dọ̀ tiwa ni orúkọ. Orúkọ ọkọ ni ọ̀pọ̀ obìnrin fi gba káàdì kílíníìkì, orúkọ baba wọn ló ṣì wà nínú ìwé ìrìnnà. Òṣìṣẹ́ kọ́ńtà kò mọ̀ pé èèyàn kan náà ni. Orúkọ inú ìwé ìrìnnà gẹ́lẹ́ ni kí dókítà kọ, kí ẹ sì gbé ẹ̀dà ìwé ìgbéyàwó dání bí ó bá wà.

Ìwé yìí kì í pẹ́ gbó. Àwọn kan kì í gba èyí tó ti ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, àwọn mìíràn fàyè gbà á díẹ̀ sí i. Bí ẹ ò bá ní í padà láàárín àsìkò tí ìwé náà ṣì ṣiṣẹ́, ẹ ṣètò dókítà tó máa kọ tuntun fún yín níbi tí ẹ ń lọ kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ tẹ ẹ̀dà mẹ́ta, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ sínú fóònù. Ẹ so ó pọ̀ mọ́ èsì sikáànì, genotype, àti blood group. Ẹni tó jẹ́ Rhesus negative (bíi O- tàbí A-), kí ìwé náà sọ ọ́ ketekete, torí bí ẹ̀jẹ̀ bá dà níbi tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n, abẹ́rẹ́ anti-D, èyí tí kì í jẹ́ kí ara ìyá bá ẹ̀jẹ̀ ọmọ jà, ni wọ́n gbọ́dọ̀ tètè rò.

Àwọn kan máa ń wọ bùbá gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kí wọ́n má bàa mọ̀ pé oyún wà níkùn. Kò dáa. Bí wàhálà bá dé lókè, àwọn òṣìṣẹ́ inú bàálù kò ní mọ ohun tí wọ́n ń tọ́jú, ìnṣọ́ránsì sì lè kọ̀ láti sanwó fún ẹni tó fi nǹkan pamọ́.

Ìnṣọ́ránsì ọ̀hún náà, ẹ kà á dáadáa kí ẹ tó rà á. Ẹ wá ọ̀rọ̀ mẹ́ta nínú rẹ̀: ọ̀sẹ̀ tó fi òpin sí oyún, ìbímọ tó dé ṣáájú àkókò, àti ìtọ́jú ọmọ náà fúnra rẹ̀. Púpọ̀ máa ń tọ́jú ìyá, wọ́n á yọ ọmọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọmọ tí kò pé oṣù ni owó rẹ̀ ń ga jù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé ìwòsàn ìjọba (NHS) kò ní lé aboyún tó ń rọbí sẹ́yìn, àmọ́ wọ́n lè gba ìdá 150 nínú ọgọ́rùn-ún iye owó tó yẹ lọ́wọ́ àlejò tí kò ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú ọ̀fẹ́. Ẹni tó sì rò pé ọmọ tí a bá bí síbẹ̀ á di ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lójú ẹsẹ̀, òfin yẹn ti yí padà láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 1983: ó di ìgbà tí bàbá tàbí ìyá bá jẹ́ ọmọ ibẹ̀ tàbí tó ní àṣẹ àtimáa gbé ibẹ̀ títí. Amẹ́ríkà ní tiwọn ti ń fi físà àlejò du ẹni tí wọ́n bá rí i pé torí kó lè bímọ gba ìwé ọmọ ìlú ló ṣe ń bọ̀. Oṣù kìíní ọdún 2020 ni òfin náà bẹ̀rẹ̀. Ẹ sọ òtítọ́ ìdí tí ẹ fi ń lọ, kí ẹ sì ní ẹ̀rí owó ìtọ́jú lọ́wọ́.

Ìgbésẹ̀ 4: Abẹ́rẹ́ àjẹsára àti ibà

Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, èyí tó ń mú ká gba yẹ́lò káàdì, kòkòrò rẹ̀ tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára ló wà nínú rẹ̀. Wọn kì í sábà fún aboyún ní irú rẹ̀, àfi bí ibi tó ń lọ bá léwu gan-an. Bí ẹ bá ti gbà á rí, ẹ wá káàdì àtijọ́ yín jáde: láti oṣù keje ọdún 2016, káàdì náà ń ṣiṣẹ́ títí ọjọ́ ayé ẹni. Bí ẹ ò bá tíì gbà á rí, dókítà lè kọ ìwé tó máa yọ yín sílẹ̀ (waiver). Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá orílẹ̀-èdè tí ẹ ń lọ máa gbà á. Ẹ má ra káàdì lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á ní pápákọ̀.

Ẹni tó ti pẹ́ ní London tàbí Houston, tó fẹ́ gbé oyún wálé wá kí ìyá rẹ̀, ibà ẹ̀fọn ni kó bẹ̀rù ju bàálù lọ. Agbára tí ara rẹ̀ fi ń bá ibà jà nígbà tó wà nílé ti dínkù, ibà sì ń ṣe aboyún burúkú. Bó bá ṣeé sún síwájú, kó sún un. Bí kò bá ṣeé ṣe, kó rí dókítà ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ṣáájú fún oògùn tó bá oyún mu. Doxycycline, oògùn tí àwọn kan ń lò láti dènà ibà, kì í ṣe ti aboyún. Kó máa sùn sábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn tí wọ́n ti rẹ sínú oògùn, kó sì máa fi òróró DEET tó ń lé ẹ̀fọn para.

Ìgbésẹ̀ 5: Ìjókòó àti ẹrù

Ìjókòó ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà inú bàálù ni kí ẹ mú, ẹ fi fèrèsé sílẹ̀. Ẹ máa dìde léraléra, kò sì yẹ kí ẹ máa bẹ aládùúgbò yín nígbà gbogbo. Ibi tó sún mọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ dára. Ẹni tí ìmìjìgì ń mú èébì gbé, kó mú ibi tó wà lórí apá bàálù, ibẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ mì. Wọn kì í gbà kí aboyún jókòó sí ẹnu ọ̀nà pàjáwìrì, ẹ má fi owó ṣòfò lé e lórí. Ní wákàtí 48 ó kéré tán ṣáájú, ẹ pè wọ́n pé ẹ fẹ́ kẹ̀kẹ́ aláìlera. Ọ̀fẹ́ ni. Láti kọ́ńtà dé géètì lè jìnnà, ìlà àwọn aṣọ́bodè sì gùn.

Báàgì 23 kg tó kún fún èlùbọ́ àti ẹ̀gúsí, ẹlòmíràn ni kó gbé e sórí òṣùwọ̀n. Báàgì ọwọ́ yín kó fúyẹ́: ìwé gbogbo, oògùn nínú páálí tí wọ́n tà á sí, pádì, aṣọ ìparọ̀ kan, bísíkíìtì. Ohun olómi kò gbọ́dọ̀ ju 100 ml lọ ní ọ̀pọ̀ pápákọ̀, àyàfi oògùn tó ní ìwé. Àgbo inú ìgò, ẹ fi sílé.

Ìgbésẹ̀ 6: Ọjọ́ ìrìn àjò

Bí bàálù bá ṣe ń gòkè ni gáàsì inú ikùn ń fẹ̀. Ikùn tí ọmọ ti gba ààyè inú rẹ̀ kò tún fẹ́ èyí. Láti alẹ́ àná, ẹ yàgò fún ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín, àkàrà àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ìrẹsì àti ẹja, tàbí iṣu díẹ̀, kò ní da inú rú. Ẹ jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀rọ tí wọ́n ní kí ẹ gba àárín rẹ̀ kọjá kì í ṣe X-ray, kì í ṣe ọmọ ní nǹkan kan. Ẹrù ni wọ́n ń fi X-ray wò. Bí ọkàn yín kò bá balẹ̀, ẹ sọ pé kí obìnrin fi ọwọ́ yẹ̀ yín wò. Ìtànṣán tó ń ti ojú ọ̀run wá náà kò tó nǹkan fún ẹni tó ń fò lẹ́ẹ̀kan lọ́gbọ̀n. Òṣìṣẹ́ inú bàálù àti oníṣòwò tó ń lọ Dubai lóṣooṣù ló yẹ kó bá dókítà sọ ọ́.

Ìgbésẹ̀ 7: Nínú bàálù, ẹsẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́

Oyún máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Ọlọ́run fi í síbẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dà tán lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀. Ilé ọmọ tó ń wúwo sì ń tẹ iṣan tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà láti ẹsẹ̀. Ẹ wá fi ìjókòó tó ju wákàtí mẹ́rin lọ kún un: Èkó sí London jẹ́ bíi wákàtí mẹ́fà ààbọ̀, Èkó sí Atlanta ju mọ́kànlá lọ. Ẹ̀jẹ̀ á dúró sójú kan, á dì, èyí tó dì sì lè já, kó gun ẹ̀dọ̀fóró. Ìdí nìyẹn tí a fi ń tẹnu mọ́ nǹkan wọ̀nyí:

Ẹ ra ìbọ̀sẹ̀ gígùn tó ń fún ẹsẹ̀, tó dé ìsàlẹ̀ orúnkún, tí agbára rẹ̀ wà láàárín 15 sí 30 mmHg. Àárọ̀ ni kí ẹ wọ̀ ọ́, kí ẹsẹ̀ tó wú. Kí wọ́n wọn kókósẹ̀ àti ojúgun yín kí wọ́n tó tà á fún yín, torí èyí tó ká jọ sí ìsàlẹ̀ orúnkún á so ẹsẹ̀ bí okùn, á sì fa ohun tí a torí rẹ̀ wọ̀ ọ́.

Ẹ máa dìde rìn ní gbogbo ìṣẹ́jú 30 sí wákàtí kan. Bí wọ́n bá ní kí gbogbo èèyàn jókòó, ẹ máa na ìka ẹsẹ̀ síwájú, ẹ fà á padà, ẹ yí kókósẹ̀ po, nígbà 20 fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ti báàgì sábẹ́ ìjókòó iwájú tí ẹsẹ̀ ò fi ní rí àyè, ẹ má sì gbé ẹsẹ̀ kọ́ra.

Omi bíi ife kan ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Afẹ́fẹ́ inú bàálù máa ń gbẹ bíi ti ọyẹ́. Àwọn kan kì í mumi kí wọ́n má bàa máa lọ tọ̀; ìtọ̀ yẹn gan-an ló ń mú yín dìde rìn.

Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dì sí lára rí, ẹni tó sanra púpọ̀, ẹni tó ní SS, ìbọ̀sẹ̀ nìkan lè má tó o. Kí dókítà wò ó bóyá yóò gba abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Àsípírínì tí wọ́n ń fún aboyún nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru kò dúró fún abẹ́rẹ́ yìí.

Bẹ́líìtì: ìsàlẹ̀ ikùn ni kó gbà, kó sùn sórí egungun ìbàdí àti itan. Bó bá wà lórí ikùn, tí bàálù sì já sílẹ̀ lójijì, gbogbo agbára rẹ̀ á bọ́ sórí ilé ọmọ. Bí kò bá tó, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní àfikún. Ẹ so ó mọ́ra ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá wà ní ìjókòó, iná ìkìlọ̀ ì báà tàn, ì báà má tàn.

Bí nǹkan bá yí padà

Ẹ̀jẹ̀, omi tó ń dà, ikùn tó ń le tó sì ń dẹ̀ ní àkókò tó dọ́gba, orí fífọ́ burúkú pẹ̀lú ojú tó ń ṣú, ìrora lábẹ́ egungun ìhà: ẹ tẹ bọ́tìnnì tó wà lókè orí yín lójú ẹsẹ̀. Ẹ má tijú, ẹ má sọ pé "ẹ jẹ́ ká dúró wò ó." Ẹ fún wọn ní ìwé yín. Wọ́n á ké sí dókítà tàbí agbẹ̀bí tó bá wà láàárín èrò, awakọ̀ sì lè bá dókítà ilẹ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tí ẹ bá ń dúró, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀ kí ilé ọmọ má bàa tẹ iṣan ńlá ẹ̀yìn.

Lẹ́yìn tí ẹ bá dé, kókósẹ̀ méjèèjì tó wú díẹ̀ tó sì lọ lẹ́yìn oorun kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó wú ju èkejì lọ, tó ń gbóná, tó ń ro nínú ẹran ẹ̀yìn ojúgun, ìyẹn ni kí ẹ gbé lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ẹsẹ̀ òsì ló sábà máa ń jẹ́ nínú oyún. Bí èémí bá ń tán, tí àyà ń dunni nígbà tí a bá mí, ẹ pe ọkọ̀ pàjáwìrì. Ó lè má hàn lọ́jọ́ kìíní. Ẹ máa wo ẹsẹ̀ yín fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ẹ sì sọ fún dókítà tó bá yẹ̀ yín wò pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú bàálù sọ̀ kalẹ̀ ni, àti iye wákàtí tí ẹ lò nínú rẹ̀.